Ọmọ kíláàsì mi ní kí n fi ẹdun han òun. Ọgbà ẹranko wo ni kí n kó wọn lọ láti Òṣogbo?

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan níbí l'Óṣogbo. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la dé orí oríkì nínú iṣẹ́ Yorùbá. Èmi náà bí ìbejì, nítorí náà mi ò wo ìwé rárá. Mo kàn lanu ni, mo ń ki wọ́n lọ: Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjobí, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi. Mo ti fẹ́ bọ́ síbi tí wọ́n ti bẹ́ sílé alákìísà nígbà tí ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè. "Àǹtí, kí ni ẹdun?"

Mo ní ọ̀bọ ni. Ó ní, ṣé irú èyí tó wà nínú igbó Ọ̀ṣun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń bá oríkì mi lọ.

Ìgbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ọdẹ ni mí. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í pe ọ̀bọ kankan ṣá ní ẹdun. Bó bá pa ìjímèrè, ìjímèrè ló máa pè é. Ẹdun yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹdun láàyè rí. Awọ rẹ̀ tó ti gbẹ ni mo mọ̀, lára ògiri yàrá bàbá mi, dúdú tó ń dán, ìrù rẹ̀ funfun. Ṣé èyí tó ń já ẹ̀pà gbà lọ́wọ́ àlejò nínú igbó Ọ̀ṣun jọ bẹ́ẹ̀? Àbí irọ́ ni mo pa fún ọmọ ọlọ́mọ?

Lọ́jọ́ kejì mo bi kíláàsì léèrè: ta ló ti rí ẹtu rí? Ọmọ 31 ló wà níbẹ̀, ọwọ́ tó lọ sókè á tó ogún. Níbo lẹ ti rí i? "Ẹ̀gbẹ́ títì, Àǹtí, wọ́n gbé e kọ́ orí igi." Ẹnì kan ní inú ìkòkò ìyá òun ni. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó rí ẹtu tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè penguin lọ́wọ́ wọn! Wọ́n á rìn ín fún yín. Ẹ wo àwòrán A sí Z tó wà lára ògiri wa: kangaroo wà níbẹ̀, tiger wà níbẹ̀. Akika kò sí. Òòrẹ̀ kò sí. Ẹtà kò sí. Mo ti ń kọ́ wọn láti inú àwòrán yìí láti ọdún mẹ́fà, kò sì yà mí lẹ́nu rí.

Mo ti bá ẹni tó ni ilé-ìwé sọ̀rọ̀, ó gbà pé kí a kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan ní táàmù yìí. Bọ́ọ̀sì kan, àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ sùn síta. Ìbàdàn ni kí n lọ ni, Ifẹ̀ ni, àbí Ìlọrin? Níbo ni mo ti lè rí ẹran igbó ilẹ̀ wa láàyè? Ẹdun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lé lórí o. Ọmọ yẹn ò tíì gbàgbé.

Ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó na owó epo lọ sí Ìlọrin, ṣé ẹ ti kó wọn wá síbí? Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75. Láti ọdún 2005 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, kó tó dìgbà náà sì ni èèwọ̀ ti wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ pẹja, wọn ò gbọdọ̀ gégi. Ìdí nìyẹn táwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò fi bẹ̀rù ènìyàn. Ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé mi, àwọn ló ń kórè rẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo rí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn níkùn bí ẹni dì mọ́ òpó, ó fò láti orí igi bọ́ sórí páànù mi, ọmọ náà ò já bọ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣá: kí ọmọ kankan má mú bísíkíìtì dání nínú ọ̀rá. Ìró ọ̀rá yẹn ni wọ́n ń gbọ́. Gúgúrú mi lọ bẹ́ẹ̀ lójú ara mi.

Ní ti pé ṣé ẹdun ni wọ́n, èmi ò lè sọ. Ẹ̀yìn wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ikùn wọn funfun, àmì funfun méjì sì wà ní ìdí wọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún ìrù, ọ̀kan lósì.

Ọmọ Ọdẹ Ìkìrun

Ọmọ mi, kì í ṣe ẹdun nìyẹn. Bàbá rẹ kò ṣì í pè. Ẹdun kì í sọ̀ kalẹ̀ wá gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí igi tó ga jù lọ ló ń gbé, bó bá sì fò, irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a fẹ̀ bí agbádá. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo rí i kẹ́yìn, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ìbàdàn ni kó o kó wọn lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, wọ́n kó wa lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Áàh! Áruná àti Ìmádé, àwọn ìnàkí ńlá méjì. Áruná jókòó, ó ká apá, ó ń wo àwa ọmọ ilé-ìwé bí ọ̀gá tó ń wo àwọn tó pẹ́ dé. Mi ò gbàgbé ojú yẹn títí dòní. Bí àwọn ọmọ bá rí wọn, wọ́n á máa sọ ọ́ fún ọmọ tiwọn.

Dókítà Ẹran

Bàbá wa, ẹ forí jì mí o, àgbọ̀nrín èṣí lẹ ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀. Áruná àti Ìmádé ti kú tipẹ́. Ìran bàbá mi ló rí wọn, èmi ò bá wọn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ọgbà Ìbàdàn ni bàbá ọgbà ẹranko lápá ibí. Ọdún 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹran jọ síbẹ̀ nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko, ọdún 1974 ló sì di ọgbà ẹranko gidi.

Ìyá Ìbejì, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹranko yunifásítì kan. Mi ò ní sọ èwo. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹdun, òun ló gbé yín dé ibí.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹdun kò ní àtàǹpàkò. Ìka mẹ́rin péré ló ní, níbi tí àtàǹpàkò ì bá wà, kókó kékeré lásán ló wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun tí ará ìsàlẹ̀ ń sọ ní àtàǹpàkò, wọ́n sì tún ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá já ẹ̀pà gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á wá lọ jẹ ẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbà á padà. Ẹdun kò ní àpò yẹn. Ewé ló ń jẹ, ikùn rẹ̀ sì pín sí yàrá yàrá bí ti ewúrẹ́, kí ewé náà lè kan díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó mú kó ṣòro láti sìn nínú ọgbà nìyẹn. Ènìyàn á ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì sí i, ikùn á wú, ẹran á kú. Nínú igbó apá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ó ti di àwátì. Nítorí náà mi ò lè tàn yín: mi ò rò pé ẹ máa rí i ní ọgbà kankan tí bọ́ọ̀sì yín lè dé kó sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ lè sọ fún ọmọ yẹn pé bí ẹdun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, funfun báláú lọmọ náà máa ń jẹ́, kó tó wá dúdú bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ó tún kù ọ̀kan, ẹ má bínú sí mi gẹ́gẹ́ bí ìyá ìbejì: ẹyọ kan ni ẹdun sábà máa ń bí. Àwa la ń bí méjì méjì, a wá fi orúkọ rẹ̀ pe tiwa.

Ẹtu ńkọ́? Ẹ lè rí i, àmọ́ ẹ tètè dé. Ẹran àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni. Lọ́sàn-án gangan ó ti wọ inú igbó kékeré tí wọ́n gbìn sí i lọ́gbà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Kò tóbi, gbogbo ara rẹ̀ kì í sábà ju kílò 10 lọ. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wo abẹ́ ojú rẹ̀: ilà dúdú kan wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni tí wọ́n kọlà fún. Kì í ṣe omijé ló ń sun níbẹ̀. Omi olóòórùn ni, òun ló máa ń fi ra ara igi kí ẹtu mìíràn lè mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní olówó. Ẹ bá mi pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n má pariwo. Ẹtu tí ẹ̀rù bà lè sáré forí sọ wáyà. Mo ti rí èyí tó kú lójú mi láìsí egbò kankan lára rẹ̀, ìpayà lásán ni.

Kìnìún, ẹ sọ fún wọn ṣáájú: ó lè sùn tàbí kó dùbúlẹ̀ fún bí wákàtí 20 nínú ọjọ́ kan. Kò ṣàìsàn.

Ìjàpá ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Ahun ńlá tí wọ́n ń fi hàn yín lọ́gbà, ará òkè ọ̀hún ni, láti ilẹ̀ gbígbẹ ní etí aṣálẹ̀. Irú rẹ̀ ni Alágbà ààfin Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú lóṣù kẹwàá 2019, tí ààfin ní ó jẹ́ ẹni ọdún 344. (Àwọn onímọ̀ ò gbà pé ahun ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ ìjà Ògbómọ̀ṣọ́.) Ìjàpá inú igbó tiwa kéré sí i dáadáa, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní oríkèé. Bó bá kó ẹsẹ̀ wọlé, ó lè pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Bí ẹ bá rí i lọ́gbà, ẹ ní kí wọ́n fi í hàn yín. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i ni mo mọ̀ pé àwọn tó ń pàlọ́ fún wa mọ irú ẹni tí wọ́n ń sọ.

Gbọ̀ngán Boy

Àǹtí, ẹ má dààmú. Mo mọ ẹnì kan tó lè bá yín mú akika láàyè wá sí kíláàsì. Ẹ kàn fún un ní owó ọkọ̀ àti nǹkan díẹ̀. Àwọn ọmọ á fọwọ́ kàn án.

Dókítà Ẹran

Àbúrò, jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà lórí ẹran tó ń run ti wà láti ọdún 1985. Lọ́dún 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tún fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí òwò akika láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì mọ́. Lóṣù keje 2021, èèpo akika tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà l'Ékòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ju tọ́ọ̀nù 17 lọ. Ṣé o mọ iye ẹran tí wọ́n bó kí èèpo tó wọ̀n tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, akika ò ní eyín rárá. Èèrà àti ikán nìkan ló ń fi ahọ́n gígùn rẹ̀ lá. Ta ló fẹ́ máa ṣa èèrà fún un lójoojúmọ́? Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún wa rí, àwọn ọlọ́pàá ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. A fún un ní ẹyin, a fún un ní ẹran lílọ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, kò dá wa lóhùn. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣadé Ẹdẹ

Èmi ò tiẹ̀ rí ìdí tí ẹ fẹ́ fi kó ọmọ lọ wo ẹran tí wọ́n há mọ́. Ṣé ẹran tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú irin látàárọ̀ dalẹ́ náà lẹ fẹ́ pè ní ẹran igbó?

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀

Àǹtí Ṣadé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí èyí tó ń mí.

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Màá padà wá jábọ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀ *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

A ti lọ, a ti dé o. Mi ò ní dárúkọ ọgbà tí a lọ, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.

Igbó Ọ̀ṣun la kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Jímọ́ tó ṣáájú, kò ná wa ju owó ìwọlé lọ. Gbogbo ọmọ 31 ló ń wo ọwọ́ ọ̀bọ. "Àǹtí, àtàǹpàkò wà!" Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọ̀kan fi ẹ̀pà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí tó fi wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún wọn níbẹ̀ pé mo ṣì wọ́n lọ́nà lọ́jọ́sí, pé kì í ṣe ẹdun nìyí. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí." Kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan.

Kí a tó lọ sí ọgbà ẹranko, a gé páálí méjìlá, a fi máákà kọ orúkọ ẹran sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi òwú sí i. Aago mẹ́fà àárọ̀ la gbéra. Dókítà, Ọlọ́run á bù kún yín: a bá ẹtu níta! Méjì ni wọ́n, wọ́n ń jẹ ewé. Kò sí ọmọ tó sọ̀rọ̀, èmi gan-an ni mo fẹ́ pariwo. Ilà abẹ́ ojú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọbìnrin kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé ó jọ ojú bàbá àgbà òun.

Ẹjọ́ mi rèé. Maxwell's Duiker ni wọ́n kọ sí pátákó tó wà níwájú àgò rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Látìn lábẹ́. Kò sí "ẹtu" níbì kankan. Gbogbo pátákó tó wà nínú ọgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọgbà wà láàárín ilẹ̀ Yorùbá, Yorùbá lẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ, Yorùbá la wá wò wọ́n. Omi inú kòtò ọ̀nì náà ti di àwọ̀ ewé, a dúró títí, imú rẹ̀ lásán ò yọ. Ẹnì kan sì ń ta bísíkíìtì gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò àwọn ọ̀bọ. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa rà ni tàbí ẹ ò ní rà?

Ṣùgbọ́n bàbá tó ń tọ́jú ẹran bá wa ṣeré. Ó rí i tí àwọn ọmọ ń gbé páálí sókè níwájú àgò kọ̀ọ̀kan, ó wá dúró. Níwájú ìkookò, ọmọ kan ní irọ́ ni, ìkookò inú Bíbélì jọ ajá, òun ti rí i nínú àwòrán ilé-ìjọsìn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ò rí ti òyìnbó nílẹ̀ yìí, ni wọ́n bá yá orúkọ èyí lò fún un. Ìkookò tí bàbá rẹ àgbà ń sá fún nìyí." Ó ní kí a fi páálí náà sílẹ̀ fún òun. Ó fi wáyà so wọ́n mọ́ ara irin lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹtu, ẹtà, òòrẹ̀, erè, odídẹrẹ́, gbogbo wọn. Òjò á pa wọ́n, mo mọ̀. Ó ní òun á fi ọ̀rá wé wọn.

Kìnìún sùn látìgbà tí a dé títí a fi lọ. Mo ti sọ fún wọn ṣáájú, síbẹ̀ ọmọ mẹ́ta ló béèrè bóyá ó ti kú.

Páálí méjì la gbé padà wálé: akika àti ẹdun. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì níbi tí A sí Z wà tẹ́lẹ̀, láìsí àwòrán kankan lábẹ́ wọn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dé, mo bá bébà kan lábẹ́ páálí ẹdun. Ọmọkùnrin yẹn ló yà á nílé. Ó fi bírò dúdú kun gbogbo ara rẹ̀ títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó fi ìrù sílẹ̀ ní funfun, ó sì ya ọmọ funfun kan sí i láyà. Mo ka ọwọ́ rẹ̀. Ìka mẹ́rin ní ọ̀tún, ìka mẹ́rin ní òsì.